Ẹni Tó Ba Ìwé "Ẹ Wí Tiyín" Jẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo gba iṣẹ́ ní ilé ìkàwé kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àárín ọdún 1980 sí 1990 ni, nígbà tí ẹni tí kò bá lówó láti ra ìwé ìròyìn máa ń wá kà á lọ́dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mò ń to ìwé sórí pẹpẹ, tí mò ń kọ orúkọ ẹni tó bá yá ìwé, tí mo sì ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n dákẹ́.

Obìnrin ni ọ̀gá wa. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìwé ńlá elẹ́yìn líle kan dé, ó fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀yìn rẹ̀ pé: Ẹ WÍ TIYÍN. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn, kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ.

Ìwé yẹn dùn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan bèèrè ìdí tí gàrí òun kì í fi í kan tó ti ìyá òun, èèyàn méje ló dá a lóhùn, kò sì sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Àgbẹ̀ kan láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó lè lé eku kúrò nínú abà. Tíṣà ìṣirò kan wà, ọmọ Èkìtì, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bó bá rí ohun tí kò gbà, yóò kọ ọ́ pé, "Irọ́ ni. Ẹ lọ tún un kà," yóò sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi, Tíṣà ìṣirò." Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ràn rẹ̀.

Báyìí ni ẹnìkan tó ń fi báírò aláwọ̀ ewé kọ̀wé ṣe yọjú. Ẹnìkan ní òrùlé òun ń jò, báírò aláwọ̀ ewé ní kó máa ṣí agbòjò sùn. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́, mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi bojú wẹ̀yìn wò mí.

Aránṣọ kan wà tó máa ń ti Ìjẹ̀bú-Imùṣin wá ra òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà wa. Bó bá ti rajà tán, yóò yà sọ́dọ̀ wa, yóò jókòó jẹ́ẹ́. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kan ìwé náà. Lọ́jọ́ tó fọwọ́ kàn án, ohun tó kọ nìyí: "Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́fà. Kò gbọ́ràn, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ta ló lè sọ fún mi bí mo ṣe lè kọ́ ọ ní ìwé?"

Àwọn èèyàn dá a lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. Nọ́ọ̀sì kan kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití kan àti ìlú tó wà. Tíṣà ìṣirò kọ odidi ojú ewé kan nípa bó ṣe lè fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò. Lẹ́yìn náà ni báírò aláwọ̀ ewé wá kọ tirẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe ohùn yín ni ọmọ náà ò fẹ́ gbọ́?"

Obìnrin náà dáhùn. Ó ṣàlàyé bí ọmọ náà ṣe sùn lọ fọnfọn nígbà tí àrá ń sán. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, báírò aláwọ̀ ewé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bèèrè ohun tó jẹ nígbà tó wà nínú oyún. Ó tún dáhùn. Ẹni náà wá bèèrè bóyá ó dá bàbá ọmọ lójú pé òun ló ni ín. Ìgbà yẹn ni báírò aláwọ̀ búlúù kan dá sí i: "Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wáyé. Kí ìyá rẹ̀ jẹ́wọ́." Báírò aláwọ̀ ewé ní kí wọ́n má bú u, pé ó kúkú ń gbìyànjú. Báírò aláwọ̀ búlúù ní òun ò gbà. Làwọn èèyàn bá ya bo ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ń gbe ìyá ọmọ náà lẹ́yìn, àwọn kan ń ṣépè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìjà ti gba ojú ewé mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀rọ̀ gàrí mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo rí i. Mo wà lẹ́yìn pẹpẹ ìwé ìtàn, mò ń nu eruku. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, tó ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, dúró níbi ìwé náà. Ó fi báírò aláwọ̀ ewé kọ̀wé, ó dé e, ó fi í sápò. Ó yọ aláwọ̀ búlúù, ó tún kọ̀wé. Ó wá lọ jókòó, ó na ìwé ìròyìn síwájú ara rẹ̀.

Aránṣọ wọlé lẹ́yìn náà. Ó gbé àpò ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí ìwé, ó kà á. Ó nu omijé, ó mú báírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn. Bàbá yẹn ń yọjú wò ó lókè ìwé ìròyìn, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. Ẹ̀rín ló ń rín.

Mo ti rí èèyàn tó bínú, mo ti rí èyí tó ń bú ẹlòmíràn títí ohùn rẹ̀ há. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó ń fi ẹkún ẹlòmíràn jẹun ọ̀sán, tó tún ń fi ìwé ìròyìn bo ẹnu.

Síbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbà ni. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni.

Nígbà tí ìjà náà le, ọ̀gá pe àwọn tó máa ń kọ̀wé síbẹ̀ jọ. Aránṣọ kò wá. Ọ̀gá ní, "Ẹnìkan ń ba ìwé yìí jẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ìyá oníṣòwò kan ní, "Ẹni tó ń tako gbogbo èèyàn ni." Gbogbo ojú yí sí Tíṣà.

Tíṣà dìde. "Bí mo bá kọ ọ́ pé irọ́ ni, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, mo sì fi orúkọ iṣẹ́ mi sí i. Ẹ ti fi hàn mí lẹ́ẹ̀mejì pé mo ṣì í, mo gbà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ ṣí ìwé náà wò."

Bàbá yẹn wúkọ́ díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú Tíṣà. Àlejò ni wọ́n láàárín wa. Bóyá bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílùú wọn nìyẹn."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Ẹ forí jì mí, ma. Bàbá yìí ni. Mo rí wọn. Báírò méjèèjì wà nínú àpò wọn."

Bàbá yẹn wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fa báírò méjèèjì yọ, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Eré ni mò ń ṣe," ó ní. "Ṣé èèyàn ò lè ṣeré nílùú yìí mọ́? Ìbéèrè ni mo bèèrè. Ta ni mo bú?"

A yẹ ìwé náà wò. Lóòótọ́, nínú gbogbo ohun tó fi báírò aláwọ̀ ewé kọ fún obìnrin yẹn, kò sí èébú kan tí a lè nawọ́ sí. "Ẹ jọ̀ọ́" ló kún ibẹ̀.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín, sà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ bèèrè lọ́wọ́ obìnrin yẹn, èwo lẹ fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀?"

Ó ronú díẹ̀. "Kò sí," ó ní, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó tán. Ẹni tí à ń wá nìyẹn," ni ọ̀gá wí.

Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, èmi ni wọ́n bá wí. "O tú àgbàlagbà láṣìírí níwájú àlejò?" Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá tún dé, ó ní kí n bá òun mú ìwé ìròyìn wá. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì mú un fún un. Mo kórìíra orúnkún ara mi lọ́jọ́ náà.

Aránṣọ wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní kí n bá òun wá bébà, ó ṣàdàkọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ àti ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ tí Tíṣà kọ sínú rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú àpò òwú. Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá gé okùn, ó gbé ìwé náà wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tì í.

Bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo pàdé aránṣọ náà ní ibùdókọ̀ kan ní Ayépé. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró tì í nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ó ti ga. Wọ́n ń fi ọwọ́ bára wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ ìyá kò yá tó ti ọmọ. Mo tọrọ àforíjì pé mo dákẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dùn mí jù," ó ní. "Bí mo bá ń ránṣọ, ìdáhùn tí mo máa kọ fún un ni mo máa ń rò. Mo máa ń tún un tò nínú ọkàn mi kó lè yé e. Mo rò pé ẹnìkan ti wà tó fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ mi."

Ọmọ náà fà á lọ́wọ́, ọkọ̀ wọn ti fẹ́ gbéra. Wọ́n wọkọ̀, ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà, àmọ́ mo rántí ẹ̀rín Bàbá yẹn, mo sì tutọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá títì kí n tó wá ọkọ̀ tèmi.