Ìgbẹ́ Eku Ni A Yẹ̀ Wò

Bàbá Ògúntóyìn, ọdẹ Ìfisìn-Èkìtì, kú ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe wọ́n fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n gbé wọn lọ, nọ́ọ̀sì fún wọn ní oògùn ibà, ó ní àwọn kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìgbẹ́.

Ẹ̀rọ wà ní yunifásítì wa. Mẹ́ta ni. Ìgbẹ́ eku àti ti asín la fi ń wò, kí a lè mọ irú kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun wọn. Bàbá yìí ló bá wa mú gbogbo wọn láàyè, ẹran mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. A yẹ ìgbẹ́ ẹran mẹ́rìndínlọ́gọ́rin wò. Ta ló yẹ ti Bàbá wò?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkìtì nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, mi ò mọ ẹnì kankan, ẹnu mi kì í sì í yá láwùjọ. Bàbá nìkan ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ "eku" sára àpò tí asín wà nínú rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Ìbàdàn! Èyí tó ń rùn báyìí lo pè ní eku? Bó o bá sè é, gbogbo ará ulé rẹ á sá jáde."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Bínú kẹ̀? Pa á rẹ́, kọ asín."

Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mú ẹran wọ̀nyí. Àwa wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí mo ní ká fún wọn ní tiwọn, ọ̀gá wa ní, "Ọdẹ ni Bàbá, ó ti mọ́ wọn lára." Kí ló mọ́ wọn lára? Àìsàn? Èmi náà dákẹ́. Ojú ń tì mí títí di òní.

Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ni Bàbá ń béèrè pé, "Kí lẹ bá nínú wọn? Ìyàwó mi ló ń pa òkété tí à ń jẹ o."

"Èsì ń bọ̀, Bàbá."

Èsì ti dé láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ó lé ní ìdajì àwọn ẹran náà tó ní kòkòrò tó lè ran ènìyàn. A kà á lédè Òyìnbó fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nínú gbọ̀ngàn tó tutù, wọ́n pàtẹ́wọ́, a jẹ mítípáì. Ṣé kò sí ọ̀kadà tó ń lọ sí Ìfisìn ni?

Mi ò sọ pé kòkòrò inú eku ló pa Bàbá. Mi ò lè sọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó wò ó. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Nígbà tí mo lọ kí Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ìyàwó wọn, mo ní kí wọ́n máa se ẹran jinná dáadáa, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí wọ́n bá pa á tán. Wọ́n bi mí pé,

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Kí ọ̀gá wa lọ dá wọn lóhùn. Kó lọ sí Ìfisìn, kó ka èsì náà ní Yorùbá lójú gbogbo ìlú. Kí yunifásítì gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn lọ sí ilé ìwòsàn náà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi yẹ ìgbẹ́ Ìyá Ìmọ́lẹ̀ wò. Inú ti ń run wọ́n láti ọjọ́ Àìkú.