Ohun Tó Ń Rìn Nínú Ìgbẹ́ Usamah

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Kúbúrátù ti ń yẹ ìgbẹ́ aláìsàn wò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí o bá gbé ti àná wá, á lé ọ padà: "Ṣé òkú kòkòrò ni kí n máa wò ni? Lọ gbé tuntun wá!"

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Usamah, tí òun àti Kúbúrátù jọ ń gbé ilé kan náà, gbé ti ọmọ rẹ̀ dé ní gbígbóná. Kúbúrátù fojú sí máíkírósíkóòpù. Amíbà kan, kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, na ẹsẹ̀, ó ń wọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ Usamah wà níkùn rẹ̀. Èyí tó ń jẹ ìfun nìyẹn.

"Omi wo ló mu?"

"Omi kànga wa náà ni."

Kúbúrátù gbójú kúrò lẹ́nu máíkírósíkóòpù. Omi yẹn ni Ameenat, ọmọ tirẹ̀, fi mu gààrí láàárọ̀ yìí kó tó lọ síléèwé. Kúbúrátù fúnra rẹ̀ ló tún bu omi náà kún un.