Ẹnì Kan, Fóònù Kan

Aṣọ ni bàbá Islamiat fẹ́ kí ó máa rán. Ará Ṣakí ni bàbá náà, ó sì mú ọmọ rẹ̀ wá fún ìyá kan tó ń ránṣọ ní Òkè-Àdó, ó padà sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò pé tí ó fi gbọ́ pé ọmọ ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ti lọ jókòó ti ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀. Bàbá gbéra, ó tún wọkọ̀ wá sí Ìbàdàn.

Ó ní, “Islamiat, níbo lo ti rí obìnrin tó ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé?”

Islamiat kúnlẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹ ti rí i báyìí, bàbá mi.”

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Kì í pariwo, kì í bú èèyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, àfi kí ẹ yà fún un.

Ó ti tó ọdún méjìdínlógún báyìí tí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Agbówó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí bí eèrà. Kò sí irú fóònù tí kò tíì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tó bá ṣeé tún ṣe, a tún un ṣe. Èyí tó bá ti kú pátápátá, olówó rẹ̀ a ní, “Àǹtí, ẹ máa mú un, kò wúlò fún mi mọ́,” a sì bá tirẹ̀ lọ. Inú àpò ìrẹsì ni Islamiat ń kó àwọn òkú fóònù wọ̀nyí sí lábẹ́ tábìlì, pẹ̀lú àwọn kọ̀ǹpútà àgbélétan tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Mánsúrù ló máa ń wá rà wọ́n. Ẹ̀yìn ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn ni Mánsúrù ti ń ṣòwò àlòkù irin, ibẹ̀ náà ló sì ti ń fi táyà dáná sun wáyà àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, kí kọ́pà inú wọn lè jáde. Ní ọ̀sán gangan, èéfín dúdú a máa gba orí òrùlé wọn kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Islamiat fi ń rí èéfín náà tí kò sọ nǹkan kan. Òun náà kúkú ń tà fún Mánsúrù, ẹnu wo ni yóò fi sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́lọlá ló la ojú rẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá ló ń ṣe fọ́tọ́kọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù kejì, oyún oṣù mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ní ọjọ́rú kan, èéfín wọlé bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú, tí èémí kò fẹ́ wọlé mọ́. Islamiat ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọsibítù. Dókítà fún un ní ohun tí yóò máa fà símú, ó wá sọ fún àwọn méjèèjì pé irú èéfín bẹ́ẹ̀, májèlé ni fún aláboyún àti fún ọmọ inú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Jẹ́jẹ́lọlá gbé orí lé e léjìká, Islamiat sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ yìí náà ló ń di àpò fún Mánsúrù ní gbogbo Sátidé.

Nígbà tí Sátidé pé, Mánsúrù dé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àpò wa ńkọ́?”

“Kò sí àpò mọ́, Mánsúrù.”

“Ẹ ti tà á fún ẹlòmíràn ni?”

“Mi ò tà á fún ẹnikẹ́ni. Ohunkóhun tí o bá tún fẹ́ sun níná, kò ní ti ọwọ́ mi wá.”

Mánsúrù rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wá ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe, ṣé wọ́n fẹ́ sè wọ́n jẹ ni? Islamiat ní òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí òun kò ní fi wọ́n ṣe.

Nígbà tí ara Jẹ́jẹ́lọlá yá, òun ló rí ọ̀nà. Ó kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa gba fóònù àtijọ́ tí orúkọ àwọn bá wà lára rẹ̀ padà. Wọ́n ní àwọn yóò kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tú wọn láìdáná sun wọ́n, tí wọ́n á sì fi ohun inú wọn ṣe nǹkan mìíràn. Ọ́fíìsì wọn ní Ring Road ni kí ará Ìbàdàn máa kó tirẹ̀ lọ.

Islamiat tú àpò sílẹ̀, ó ṣa àwọn tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lára sọ́tọ̀. Mọ́kànlélógójì ni. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé wọn kọ́ èjìká, ó di Ring Road.

Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ló kọ́kọ́ kí i nínú ọ́fíìsì náà. Wọ́n lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ògiri: obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín, ó na fóònù àtijọ́ sí ẹnì kan, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé kí gbogbo ayé mú tiwọn wá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Láyí ló wà ní káńtà.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Kí la lè bá yín ṣe?”

“Fóònù yín ni mo kó wá fún yín.”

Láyí yọjú wo inú àpò. “Gbogbo èyí, mà?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Láyí wọ inú lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde. Ó ní, “Ọ̀gá ní ẹnì kan, fóònù kan ni, mà.”

“Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?”

Láyí wo àwòrán ara ògiri bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè hù síbẹ̀. “Wọn ò kọ ọ́, mà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ni.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe é rí?”

Ọmọbìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. “A ò tíì ṣe é rí, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá.”

Mánéjà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, jáde síta fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà ni àwọn ṣe ètò náà fún, pé àwọn tó ń tún fóònù ṣe mọ ibi tí wọ́n ń kó tiwọn dà sí.

Islamiat ní, “Mo mọ ibẹ̀, sà. Torí pé mo mọ̀ ọ́n ni mo ṣe wá síbí.”

“Màdáámú, a ò lè gba odindi àpò lọ́wọ́ ẹnì kan.”

“Nígbà tí ẹ ń tà wọ́n, ẹ ò sọ pé ẹnì kan, fóònù kan.”

Mánéjà yí padà, ó ní kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá wọn gbé àpò wọn jáde. Islamiat kò jà. Ó mú fóònù kan nínú àpò, ó gbé e síwájú Láyí. “Gba tèmi. Kí o kọ ọ́ síwèé fún mi pé o gbà á.” Láyí kọ ọ́. Islamiat ká ìwé náà sínú pọ́ọ̀sì, ó gbé ogójì tó kù lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó pe olùkọ́ kan ní Bódìjà, ó pe àwọn tí wọ́n jọ ń tún fóònù ṣe. Alàgbà Ọ̀ṣuntókun, alága ẹgbẹ́ wọn, ní kí ó má fa ìjà ilé-iṣẹ́ ńlá sí àwọn lọ́rùn.

Islamiat ní, “Mi ò ní kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà, sà. Ẹ kàn bá mi mú fóònù kan dání ni.”

Ní ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n tò láti iwájú káńtà Láyí, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n dé ẹnu géètì. Olúkúlùkù mú òkú fóònù kan lọ́wọ́. Jẹ́jẹ́lọlá ló wà níwájú pẹ̀lú oyún rẹ̀. Alàgbà Ọ̀ṣuntókun náà pàpà wá, ó pẹ́ dé, ó dúró sẹ́yìn gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó pariwo. Àwọn tó wá ra fóònù tuntun ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà lórí ìlà sì ń ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú sùúrù.

Mánéjà jáde, ó wo ìlà náà títí dé àtẹ̀gùn. “Màdáámú, kí lèyí?”

“Oníbàárà yín ni wọ́n, sà. Ẹnì kan, fóònù kan.”

Ọkùnrin kan tó ti ń yẹ fóònù tuntun wò gbé e padà sórí káńtà. Ó ní, “Ṣé ẹ kì í gba àtijọ́ ni? Ohun tí ẹ kọ sí ara ògiri ńkọ́?”

Mánéjà wọlé lọ pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó. Láyí kò dúró dè é. Ó fa ìwé sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ, ó ń gba fóònù. Ó ti gba mọ́kànlá kí mánéjà tó jáde. Mánéjà wo ìwé náà, ó wo Láyí, ó ní, “Ẹ gba gbogbo rẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ló sọ fún Islamiat pé àwọn yóò gbé àpótí kan síbẹ̀, pé àwọn tó ń tún fóònù ṣe lè máa kó tiwọn wá ní ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, iye yòówù kó jẹ́.

Islamiat ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán yẹn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lè rí i kà.” Ó jókòó sórí àga, ó dúró títí wọ́n fi kọ ọ́, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Iná Mánsúrù kò tíì kú o. Àwọn mìíràn ṣì ń tà fún un, èéfín ṣì ń jáde lọ́jọ́ tó bá wù ú. Islamiat ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ gan-an, ó sì ti sọ fún un pé òun yóò tún wá. Jẹ́jẹ́lọlá bí ọmọbìnrin ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n kì í gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ti kọ̀ǹpútà ló kàn báyìí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, Èkó ni tiwọn wà. Islamiat kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò fèsì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ní kí ó fi í sílẹ̀, pé ta ni yóò dá a lóhùn ní Èkó. Ó ní òun kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá òun lóhùn, kí wọ́n ṣáà gba ohun tí wọ́n ṣe padà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdé tó kọjá, ó wà ní gáréèjì Challenge, ó gbé àpò tó wúwo kan lé itan nínú bọ́ọ̀sì Èkó. Agbèrò kan tẹ àpò náà wò láti ojú fèrèsé, ó bèèrè pé ẹrù kí lèyí.

Islamiat ní, “Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Mo ń dá a padà fún wọn.”