Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Rìn

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún yín, ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án ránṣọ kó tó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, tó ní tíṣà bàólójì lòun fẹ́ dà. Bàólójì! Ẹ̀kọ́ nípa gbogbo ohun tó ń mí! Bó bá ti ń dárúkọ ẹ̀, ojú rẹ̀ á máa tàn bíi gílóòbù tuntun.

Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù kó gbàwé ẹ̀rí: kó kọ́ kíláàsì kan níṣojú olùkọ́ àgbà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Lọ́dún tó kọjá, ṣe ló dúró gbagidi níwájú àwọn ọmọ, tó ń ka nóòtì bí ẹni ń ka ìwé kóòtù. Ó fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré sì ni wọ́n ń gbà fún èèyàn. Bó bá tún fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn, kó padà sídìí maṣíìnì.

Bó ṣe sọ ilé wa di kíláàsì nìyẹn o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Màmá ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Màmá á máa gbálẹ̀, òun á máa tẹ̀lé wọn kiri.

"Màmá, kí ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún gbogbo ibẹ̀?"

"Núkílíọ́ọ̀sì. Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí ìdọ̀tí mi."

"Ẹ káre! Kí ló wá yí sẹ́ẹ̀lì ká?"

"Èmi ò mọ̀. Ìwọ lo yí mi ká láti àárọ̀, jẹ́ n ráyè gbálẹ̀!"

Ọjọ́ pé. Olùkọ́ àgbà wọ kíláàsì tí ẹ̀gbọ́n mi máa kọ́ níléèwé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bírò Pupa, torí bí bírò ẹ̀ bá ti kan ìwé èèyàn, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà. Òun náà ló wá lọ́dún tó kọjá! Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọmọ méjìdínlógójì, máíkírósíkóòpù ẹyọ kan, àlùbọ́sà ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà náà, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó kán omi àti áyódíìnì sí i kó lè ní àwọ̀, ó wá mú gíláàsì tín-ín-rín tó máa fi bò ó. Ibẹ̀ gan-an ló ti yọjú wo Bírò Pupa. Dípò kó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, pàá ló jẹ́ kó balẹ̀. Ó wojú awò: nǹkan róbótó kan rèé, etí rẹ̀ dúdú, ó nípọn, àárín rẹ̀ ń dán yinrin!

"Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí i! Sẹ́ẹ̀lì rèé! Ẹ tò, ẹ wá wò ó, kẹ́ ẹ yà á!"

Wọ́n tò, wọ́n wò, wọ́n ń ya róbótó sínú ìwé, títí ó fi kan ọmọbìnrin kan tí kíláàsì ń pè ní Lọ́yà, torí kò sóhun tó ń gbà láìjiyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé wa ní ó máa dà bíi bíríkì tí wọ́n tò síra. Èyí dà bí ojú ọ̀pọ̀lọ́."

"Lọ́yà, kúrò níbẹ̀ jàre!" làwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo. "Ó tún ti gbẹ́jọ́ dé!"

"Mà, ó ti ń rìn o!" ni Lọ́yà ké.

Bírò Pupa gbórí sókè. Ẹ̀gbọ́n mi sáré tẹjú mọ́ awò. Lóòótọ́ ni, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń fà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń lọ kí ará ilé kejì! Sẹ́ẹ̀lì kọ́. Atẹ́gùn ló há sábẹ́ gíláàsì! Ọmọ mọ́kànlá ló ti ya atẹ́gùn, tí wọ́n sì ti kọ "núkílíọ́ọ̀sì" sí àárín rẹ̀!

Ó sọ fún mi pé irọ́ mẹ́ta ló sáré débi ẹnu òun. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ni pé àlùbọ́sà òkè òkun ni, bí tiwọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó gbé gbogbo ẹ̀ mì.

"Ẹ gbọ́," ó ní, "atẹ́gùn lẹ yà. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ̀rù ń bà mí, mo wá kánjú fi gíláàsì bò ó."

Ẹ̀rín bú jáde ní kíláàsì!

"Mà, tèmi tiẹ̀ ní núkílíọ́ọ̀sì méjì!"

Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rù sì bá ẹ̀rín lọ. Ó tún awọ mìíràn bó, ó pe Lọ́yà síwájú, ó fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́.

"Fi gbé etí gíláàsì yìí ró. Rọra, rọra. Jẹ́ kí omi lé atẹ́gùn jáde."

Lọ́yà di èémí mú. Gbogbo kíláàsì di èémí mú. Ó wojú awò, ó sì lọgun. Bíríkì! Bíríkì lórí bíríkì, ìlà tẹ̀lé ìlà, ó pọ́n bí oyin, núkílíọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì wà nínú tiẹ̀ bí onílé tó jókòó sí pálọ̀!

Wọ́n ya bo tábìlì. Aago lù, kò sẹ́ni tó jáde. Ẹnì kan sì ń fìgbọ̀nwọ́ ti èèyàn nínú ìlà.

"Ẹ̀yin mà, ẹ tò sẹ́yìn, èmi ni mo ṣáájú yín!"

"Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí?" Bírò Pupa ni. "Jẹ́ n wò ó jọ̀ọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti rí èyí tó mọ́ báyìí!"

Nígbà táwọn ọmọ lọ tán, Bírò Pupa tẹ́ fọ́ọ̀mù ìdánwò sórí tábìlì.

"Lọ́dún tó kọjá, o ò ṣàṣìṣe kankan," ó ní, "ṣùgbọ́n kò sọ́mọ tó gbójú sókè. Lónìí, o kọ́ wọn kí wọ́n máa wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. O ti yege."

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀gbà tó rọ̀ mọ́ obìnrin náà, tó gbé e nílẹ̀ fìrì, tó ń yí i po láàárín àwọn bẹ́ǹṣì.

"Sọ̀ mí kalẹ̀! Sọ̀ mí kalẹ̀ ná, mi ò tíì fọwọ́ sí i!"