Ọjọ́ Tí Ọrùn Àǹtí Bísí Wọ́

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí ọrùn ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bísí, wọ́. Jẹjẹrẹ ń bá wọn jà. Nọ́ọ̀sì gún wọn lábẹ́rẹ́ kí oògùn jẹjẹrẹ má mú wọn bì, a sì padà sílé ní Mushin. Láìpẹ́, ọrùn wọ́, ẹyinjú yí sókè, eyín pa pọ̀. Èmi dókítà oníwèé mẹ́fà pariwo pé wárápá ni, mo gbé ṣíbí láti fi la ẹnu wọn. Àǹtí kùn láàárín eyín pé, "Lékan, gbé ṣíbí rẹ kúrò! Gbé mi lọ ọsibítù."

Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ní abẹ́rẹ́ èébì yẹn máa ń ṣe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń wo irú rẹ̀, ọrùn padà sípò. Àǹtí nawọ́ sí mi: "Dókítà, ẹ gún òun náà. Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń gbọ̀n ni?"