Lọ́fíńdà tí Mo Fi Nu Kámẹ́rà

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kámẹ́rà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkàrẹ́ pé kò gba àwòrán mọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Kí lo fi nù ún?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bínú. Wọ́n rò pé ẹ̀sùn ni mò ń fi kàn wọ́n. Ẹ̀sùn náà ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi rẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó jẹ̀bi tó mi.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, kásẹ́ẹ̀tì ńlá la fi ń gba fídíò, kámẹ́rà sì wúwo débi pé èjìká la ń gbé e lé. Irin róbótó kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí bíríbírí, hẹ́ẹ̀dì là ń pè é. Òun ló ń kọ àwòrán sára kásẹ́ẹ̀tì. Bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá dì mọ́ ọn, àwòrán ò ní wọlé. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kámẹ́rà ò ní sọ fún ọ. Gíláàsì kékeré tí o fi ojú kan wò yóò máa fi ohun gbogbo hàn ọ́, nítorí ohun tó wà níwájú kámẹ́rà ló ń fi hàn, kì í ṣe ohun tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi máa ń pariwo pé, "Gba ìṣẹ́jú kan, dá a padà, wò ó, kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi!" Mo mọ òfin yìí bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Olùkọ́ kan ló wá bá mi láti Ọ̀kà lásìkò ọyẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wà ní òkè òkun fún ọdún mẹ́rìnlá. Ìwé rẹ̀ kò tíì pé, bó bá sì fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé. Ó ti bí ọmọ méjì tí ìyá àgbà wọn kò fojú kàn rí. Ó wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun wá ẹni tí yóò gba fídíò ìyá, kí òun lè rí ojú wọn, kí àwọn ọmọ náà sì mọ ojú ìyá àgbà wọn. Kò béèrè ohun mìíràn. Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju kí n gba ojú ìyá arúgbó kan lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo ṣí kámẹ́rà kí n nu hẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo rí i pé sípírítì tí mo fi ń nù ún ti tán. Ó yẹ kí n rìn dé ilé kẹ́míìsì. Kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ àti ìkánjú jọ ń gbé inú mi nígbà náà ni. Mo rántí ọjọ́ kan tí a lọ ṣiṣẹ́ ní Ugbe, tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá mi. Ó tọrọ lọ́fíńdà lọ́wọ́ obìnrin kan, ó fín in sára aṣọ funfun, ó fi nu hẹ́ẹ̀dì, kámẹ́rà sì ṣiṣẹ́ títí a fi parí. Èmi náà ní lọ́fíńdà. Oníbàárà mi kan tó ti Mẹ́kà dé ló fún mi ní ìgò kékeré kan, ó ń ta sánsán. Mo ní lọ́fíńdà ni lọ́fíńdà ń jẹ́. Mo fi nu hẹ́ẹ̀dì, mo tún nù ún lẹ́ẹ̀kejì kó lè mọ́ dáadáa.

Mùsùlùmí sì ni mí o, èmi tó yẹ kí n mọ̀! Lọ́fíńdà obìnrin Ugbe yẹn, ọtí ló pọ̀ nínú rẹ̀, ọtí sì máa ń gbẹ. Èyí tí wọ́n ń rà bọ̀ láti Mẹ́kà, tí èèyàn ń fi sára lọ kírun, kò ní ọtí kankan. Òróró ni. Mo fi òróró pa hẹ́ẹ̀dì kámẹ́rà, mo wá gbé e sórí ọ̀kadà, mo gbé e gba inú eruku ọyẹ́ láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà.

Ilé wọn wà níbi tí òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìnkùlé. Olùkọ́ náà fi mí han ìyá rẹ̀, ó sì sáré lọ sí ilé ìwé kí wọ́n má bàa wá a. Ó ku èmi àti ìyá. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà lé èjìká, wọ́n ní kí n dúró díẹ̀, wọ́n wọlé lọ pààrọ̀ ìborùn. Nígbà tí wọ́n jáde, bátìrì ni mo tẹjú mọ́. Iná kò wá láti ijẹta, bátìrì náà kò sì ju ìdajì lọ. Ó yẹ kí n gba ìṣẹ́jú kan, kí n dá a padà wò. Ṣùgbọ́n dídá padà ń jẹ bátìrì, mo sì ń rí ìyá kedere nínú gíláàsì. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ṣé ojú mi hàn?" ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ.

"Ó hàn kedere, Ìyá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Alihamudulilahi. Ọmọ mi, mo wà ní ulé o. Ìborùn tí o fi ránṣẹ́ ni mo fi borí yìí. Wo ẹnu mi, ehín ti ku mẹ́rin. Wo igi ọsàn tí o gbìn, ó ti ń so."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, wọ́n ń ní wo èyí, wo tọ̀hún. Wọ́n pe orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn, kò yọ lẹ́nu wọn, wọ́n fi ara wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ṣàdúà títí bátìrì fi kú. Mo ṣe àmín sí i, mo dorí kodò, mo ń di ẹrù mi; kí n tó gbójú sókè, wọ́n ti wọlé lọ sinmi. Inú mi dùn délé.

Ọjọ́ kẹta ni iná tó dé ní Ìkàrẹ́. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Ohùn ìyá jáde geerege, nítorí ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọ kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ti àwòrán. Ṣùgbọ́n lójú tẹlifíṣọ̀n, ńṣe ló ń tú funfun wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń jọ gààrí. Mo fi sípírítì gidi nu ẹ̀rọ náà. Mo yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Mo yá ẹ̀rọ ẹlẹ́gbẹ́ mi kan, bákan náà ni. Mo tiẹ̀ gbá tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi pé òun ló jí ìyá gbé. Nígbà tí mo wá ṣí kámẹ́rà, ẹrẹ̀ dúdú tó ń ta sánsán ni mo bá lórí hẹ́ẹ̀dì.

Mo ní n óò padà lọ sí Ọ̀kà ní Sátidé. Mo ti to irọ́ tí n óò pa, pé ọmọ wọn ní kí wọ́n tún àdúà náà ṣe. Ní Jímọ̀, bí mo ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, olùkọ́ náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá ti kú lánàá, wọ́n sì ti sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, bí ìṣe wa. Kásẹ́ẹ̀tì ló bá wá.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo sọ fún un pé mò ń to fídíò náà lọ́wọ́. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ àgbà kan tí gbogbo wa máa ń sá bá nígbà ìṣòro. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì yọ ọ́. "Àwòrán yìí ò bàjẹ́," ló wí. "Kò wọlé rárá ni. Ohun tí kò sí, ta ló fẹ́ tún un ṣe?"

Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́ fún olùkọ́. Kò pariwo. Ká ní ó gbá mi létí ni, ara ìbá tù mí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi pẹ́, ó wá ní kí n da ohùn náà kọ sí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí àbúrò òun lè gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ fi àwòrán òkè Ọ̀kà àti òdòdó bo funfun wẹ́wẹ́ yẹn, ojú tì mí, mo yọ wọ́n. Mo tún fẹ́ gé ohùn ara mi kúrò, ibi tí mo ti ní ó hàn kedere. Ẹ̀rín ìyá ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá gé irọ́ mi, mo gé ẹ̀rín wọn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó tó oṣù kan kí olùkọ́ tó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní àbúrò òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú.

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá," ló wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ dá wọn lóhùn yẹn?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò pè yín nítorí ìyẹn. Ìborùn tí wọ́n sọ yẹn, méjì ni mo fi ránṣẹ́. Ọ̀kan pupa, èkejì aláwọ̀ ewé. Wọ́n ti pín ẹrù wọn, ẹ̀gbọ́n mi ò sì sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Èwo ni wọ́n fi borí? Mo kàn fẹ́ máa rí wọn lọ́kàn mi ni."

Mo wò wọ́n títí bátìrì fi kú lọ́jọ́ yẹn. Ojú kan ni mo fi wò wọ́n, mo di èkejì. Inú gíláàsì kékeré yẹn ni mo ti ń wò wọ́n, dúdú òun funfun nìkan ni gíláàsì náà sì máa ń fi hàn. Nígbà tí wọ́n jáde tí mi ò tíì gbé kámẹ́rà bojú, bátìrì ni mo ń wò; nígbà tí mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹrù ni mo ń dì.

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó ní, "Ó dáa, bọ̀dá. Ẹ ṣé," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.