Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣahun Ooru

Ọdún méjìdínlógún ni Màmá Alábọ́ ti ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan. Ẹ̀rọ amómigbóná àtijọ́ tó wà níbẹ̀ máa ń hanrun bí àgbàlagbà tó yó, ara rẹ̀ sì gbóná débi pé àkísà ń gbẹ lórí rẹ̀. Láràárọ̀ ni Màmá ń fẹ̀yìn tì í nítorí ìbàdí tó ń dùn ún. Ọ̀gá obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà ń fẹ̀yìn tì í pẹ̀lú, àmọ́ òun á ní òun ń yẹ ẹ̀rọ wò ni.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá ra tuntun. Oníṣẹ́ tó so ó mọ́ ògiri fọwọ́ sọ̀yà: "Màmá, iná díẹ̀ ló ń jẹ. Inú omi ni gbogbo ooru ẹ̀ ń lọ, kò sí èyí tó ń jò síta."

Màmá gbọ́wọ́ lé e. Ó tutù bí ìgbín.

"Èyí ti kú."

Ó ṣí táàpù, omi gbígbóná bó o lọ́wọ́.

"Yéè! Ó wà láàyè, ahun ni!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Òjò tútù rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá wọ ilé ìdáná, ó bá ọ̀gá tó fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ tuntun, tí eyín ẹ̀ ń lu ara wọn.

"Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, Màmá."

"Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá rí ooru níbẹ̀, ẹ pè mí."